Igi Àánú, Dansoman

Ọjọ́ Ajé, 11 Ṣẹ́rẹ́, 2016

Nii Okai ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá rí lára igi páyà mi, gbogbo ohun tí mo bá ṣe fún un, kí n kọ ọ́, kí n sì mú un wá fún òun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oògùn kòkòrò ni mo lọ rà níbi tí ọkùnrin yìí ti ń ta irúgbìn igi létí títì, iṣẹ́ ilé ìwé ló fi rán mi wálé. Èmi, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Táyọ̀ ọmọ mi ló fún mi ní ìwé tí mò ń kọ yìí. Ṣọ́ọ̀bù fóònù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Circle ni wọ́n ti pín in fún wọn.

Ó dáa. Ohun tí mo rí nìyí. Igi páyà mi (píà là ń pè é ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí Ghana tó yí wa lẹ́nu) ń ṣàìsàn. Ewé tuntun tó yọ lẹ́yìn Kérésì ti pọ́n bí ìyeyè, iṣan inú rẹ̀ nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀. Etí àwọn ewé àgbà ti gbẹ, bí ìwé tí iná jó létí. Òdòdó yọ, ó tilẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan ò mọ́ kí n má bá a ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ìwòyí èṣí, ọmọ ti ń so lórí rẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́.

Ohun tí mo ṣe: omi garawa méjì láàárọ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ìyẹn ò kan Nii Okai.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ ń fẹ́ bí ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ètè mi ti là. Omi ẹ̀rọ ò sun láti ọjọ́ Àìkú, omi ọkọ̀ ni mo rà.

Mo se ọṣẹ. Àmínà tó ń kó ọṣẹ dúdú mi lọ Tẹ́mà ní òun ń fẹ́ ìlọ́po méjì títí di Ọdún Àjíǹde, ìkòkò mẹ́ta tí mò ń gbé kaná lọ́sẹ̀ ti wá di mẹ́fà. Àpò èèpo kòkó gbígbẹ kúrò ní sídì mẹ́jọ, ó di méjìlá. Àwọn Ghana ń pe ọṣẹ náà ní alata samina, ọṣẹ àwa Alata, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá. Orúkọ wa ni wọ́n fi ń tà á, àwa là ń fa eérú símú.

Mo sẹ́ eérú èèpo kòkó náà tán, mo ti ìka bọ omi rẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Ó gé mi láhọ́n dáadáa, mo mọ̀ pé ó ti lágbára tó láti sọ àdín di ọṣẹ. Táyọ̀ ní ahọ́n mi á re bọ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní ahọ́n yìí ló san owó ilé ìwé rẹ, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ eérú kún garawa mẹ́rin, mo dà á sídìí páyà. Ibẹ̀ ló ń lọ láti oṣù kẹsàn-án èṣí tí wolé-wolé ti ní òun ò gbọdọ̀ rí i nínú gọ́tà mọ́. Ó kúkú dára bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kì í da eérú nù sígbó: ó ń lé ìjàlọ, ó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọjọ́rú, 20 Ṣẹ́rẹ́

Táyọ̀ fi fóònù ya ewé náà ní fọ́tò. Ó ní fóònù lè dárúkọ igi, kó sì sọ ohun tó ń ṣe é. Fóònù kọ́kọ́ pe páyà mi ní máńgòrò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é ní orúkọ tí Táyọ̀ fúnra rẹ̀ ò lè pè. Ìgbà tó wá mọ̀ ọ́n, àìsàn mẹ́sàn-án ló tò sílẹ̀. Omi pọ̀ jù. Omi ò tó. Gbòǹgbò ń jẹrà. Kòkòrò. Iyọ̀ ti wọ inú ilẹ̀. Mo ní kó pa á. Ta ló ń bu iyọ̀ sídìí igi, ṣé ọbẹ̀ ni?

Táyọ̀ ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo bá sọ, Twi ló fi ń dá mi lóhùn. "Maame, gyae," ó ní, kí n fi í sílẹ̀, igi lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kò lè rántí. Mi ò bá a wí.

Ohun tí mo ṣe: omi garawa mẹ́ta. Eérú díẹ̀ sí i, torí ìjàlọ ń gun igi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Ṣẹ́rẹ́

Ewé méjìlélógójì ni mo gbá lónìí. Mo kà wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Èrèlé

Ogún ọdún lónìí.

Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àánú mi. Mi ò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Àwọn ọkùnrin gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n lọ, wọ́n dé, wọ́n fọ ọwọ́, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún èmi tàbí bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe é, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ilé ti ń pè mí ní Ìyá Táyọ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mi ò gbọ́ "Ìyá Àánú" lẹ́nu ẹnì kankan mọ́. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ń ṣe mí.

Igi yìí ni wọn ò lè gbà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ìwọ́ Àánú já, ara mi gbóná, mi ò lè dìde lórí ẹní. Bàbá rẹ̀ wà ní Kùmásì. Ẹ̀gbọ́n Wòsílátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló gbé ìwọ́ náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó rì í mọ́lẹ̀, ó wọlé, ó ní, "Ó ti wà lábẹ́ igi." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ páyà yẹn kúrò nínú agolo mílíìkì ni. Òun àti ọmọ jọ dàgbà. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, Àánú ń fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ó ń fi jẹ kẹ́ńkè lọ́sàn-án, ó ń fi kun orí bí ìpara, ọmọ burúkú. Ọmọ lọ, igi dúró. Ìdí rẹ̀ ni mo ti ń kí i láti ogún ọdún. Bí igi yìí bá lọ, mi ò ní ibì kankan tí mo lè dojú kọ pé ibí ni ọmọ mi wà.

Ọjọ́bọ̀, 4 Èrèlé

Mo gbé ìwé yìí lọ bá Nii Okai. Ó ṣí i, ó yẹ̀ ẹ́ síwá, ó yẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ei, Àńtí! Anago ni gbogbo èyí! Èmi Gã, báwo ni mo ṣe fẹ́ kà á?" Mo ní kò kúkú sọ èdè tó ń fẹ́. Ó ní kí n kà á sétí òun, mo wá ń tú u sí Twi. Mo ka ti ewé, mo ka ti òdòdó, mo ka omi garawa méjì, omi garawa mẹ́ta. Mi ò ka ti ọṣẹ àti eérú. Ìyẹn iṣẹ́ mi, kò kàn án.

Ó bojú wò mí. "Yàtọ̀ sí omi, kí lẹ tún ń dà sídìí rẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí."

"Kò sí rárá? Kẹ́míkà? Omi ìfọṣọ?"

Mo ní, "Ṣé mo jọ ẹni tó lè da omi ìfọṣọ sí igi yìí?" Inú bí mi, ó sì hàn lójú mi. Ó ní kí n má bínú, òun á wá wò ó fúnra òun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Èrèlé

Mo jí ní kùtù, mo gbá ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ọkọ́ wú gbogbo ìdí páyà, mo bo eérú mọ́lẹ̀ pátá, ibẹ̀ wá dúdú, ó mọ́ lóló. Àlejò kì í bá ìdọ̀tí nílé mi.

Nii Okai dé ní aago mẹ́wàá. Ó fi ọ̀bẹ ha èèpo igi, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ó ní ìrètí wà. Ó rọra fọwọ́ kan ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó wá yíjú sí dóńgóyárò tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí i. Ó ní gbòǹgbò dóńgóyárò ń jìn, ó ń gba omi mu lẹ́nu páyà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni.

Mo ti mọ̀! Igi burúkú yẹn. Èmi kọ́ ni mo gbìn ín, a bá a lórí ilẹ̀ ni. Láti èṣí tí páyà mi ti ń rù, ńṣe ni tirẹ̀ ń sanra, tí ewé rẹ̀ ń dán nínú ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ń gbẹ. Ó ń jẹ oúnjẹ ọmọ mi, ó ń dán lójú mi.

Ọjọ́ Ajé, 15 Èrèlé

Mo gé dóńgóyárò.

Abẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Táyọ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí. Ó máa ń ra aṣọ òkìrìkà ní Kantamanto, èyí tó ya ni á rán, èyí tó gùn ni á gé. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti jókòó síbẹ̀. Nígbà tó rí àwọn oníṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi, ó dìde, ó ní, "Ìyá Táyọ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Mo ní, "Orí ta ló ń fọ́? Tiyín ni àbí tèmi?"

"Abẹ́ ibo ni kí n wá jókòó sí?"

"Ẹ ó jókòó sábẹ́ páyà nígbà tó bá yè."

Ó dákẹ́. Akínlabí ọkọ mi, bó bá dákẹ́, ó ti bínú nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: kí wọ́n má hú kùkùté rẹ̀, òun á máa jókòó lé e. Mo fẹ́ kí wọ́n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ṣùgbọ́n mo gbà fún un, torí ojú rẹ̀ ò dáa.

Àádọ́jọ sídì ni wọ́n gbà. Òórùn kíkorò rẹ̀ gba gbogbo ilé. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ kó lè wà lákọsílẹ̀: inú mi dùn gan-an. Mo da omi garawa mẹ́rin sí páyà, mo fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ garawa márùn-ún lé e, mo ní máa jẹ, ọkọ mi, kò sẹ́ni tí yóò já a gbà lẹ́nu rẹ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 29 Èrèlé

Kò sí àyípadà. Irọ́ ni, àyípadà wà: ó burú sí i. Oòrùn tí dóńgóyárò ń bá a dí tẹ́lẹ̀ ti wá ń jó o ní tààrà. Bàbá Táyọ̀ jókòó lórí kùkùté, ó dé fìlà koríko, ó ń rán ṣòkòtò òyìnbó, òógùn ń kán sórí aṣọ. Kò sọ pé "ṣé mo wí?" Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Ẹrẹ́nà

Àyájọ́ Òmìnira. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń yan kọjá lójú títì, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ẹ̀ka òkè páyà ti gbẹ tán. Mo ti fèrèsé pa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀. Mo rí i tó ń ṣú bọ̀, mo sáré kó eérú sídìí igi kí òjò lè bá mi gbé e wọ ilẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Ẹrẹ́nà

Gbogbo igi àdúgbò ń rú. Ti àwọn ará iwájú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹni tí kò bomi rin ín rí. Tèmi tún gbọn ewé sílẹ̀, ewé tó kù kò tó kí n máa kà á. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀. Ó rí bí ìgbà tí èèyàn ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn, tó ń tẹ́tí bóyá yóò gbọ́ èémí.

Ọjọ́ Ajé, 14 Ẹrẹ́nà

Mo lọ ko Nii Okai lójú. Mo ní ó ní kí n gé igi, mo gé e, kí ló kù? Mo ní ó ń fẹ́ kí tèmi kú ni, kó lè rí ọmọ igi tà fún mi. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò wá.

Ó ní, "Àńtí, mo ṣìnà. Dóńgóyárò kọ́. Ohun tó ń pa igi yẹn, inú ilẹ̀ ló wà. Ẹ bu ilẹ̀ ìdí rẹ̀ wá, kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Á tó oṣù kan kí èsì tó dé."

Oṣù kan! Mo ní kó gbé e jẹ. Ṣùgbọ́n nínú tròtrò, títí mo fi dé Dansoman, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ń jà lọ́kàn mi. Inú ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Ẹrẹ́nà

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo wa ilẹ̀ ìdí páyà, mo bu abọ́ kan. Orí mi ò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ọwọ́ mi ló mọ̀. Mo mú ìkòkò oníhò tí mo fi ń sẹ́ eérú, mo fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo kọ́kọ́ bu ilẹ̀ ẹ̀bá ògiri sí i, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í da nǹkan sí, mo da omi òjò lé e, ó kán sílẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Omi lásán. Mo dà á nù. Mo wá bu ti páyà sí i, mo da omi lé e, mo jókòó tì í. Ó ń kán, ó pọ́n bí tíì. Mo fi ìka méjì pa á. Ó ń yọ̀. Mo fi kan ahọ́n.

Ó gé mi.

Ogójì ọdún ni mo ti ń tọ́ omi eérú wò. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun kí ẹ fi kàn mí lẹ́nu, n ó mọ̀ ọ́n. Omi tó ń bó àwọ̀ ọwọ́ mi, tó ń sọ epo di ọṣẹ, òun ni mò ń fún igi ọmọ mi mu, garawa lórí garawa, mo ń pè é ní oúnjẹ. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bóyá ahọ́n mi ń purọ́ mọ́ mi. Kò purọ́.

Ilẹ̀ ni Táyọ̀ bá mi. Ó rò pé mo ṣubú. Nígbà tó yé e, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Maame, gyae su," ó ní, "gyae su," kí n dákẹ́ ẹkún, òun náà ń sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Ẹrẹ́nà

Mo ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Eérú wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ló kọ ọ́, ìgbà mẹ́rin, èyí tí mi ò kọ ńkọ́? Fóònù wí, mo ní kó pa á. Nii Okai béèrè, ó bojú wò mí, ó béèrè, mo ní kò sí. Mi ò purọ́ fún un. Lójú mi, kò sí lóòótọ́. Mo tún wú ilẹ̀ bò ó kó má baà rí i, nítorí ìmọ́tótó. Ìmọ́tótó!

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún Bàbá Táyọ̀ láàárọ̀ àná. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Ìwọ kọ́," ó ní.

"Èmi ni."

Ó ronú sí i. "Ó dáa. Ìwọ ni. Ṣé kí n bá ọ pọn omi?"

A pọn omi. Nii Okai ní omi púpọ̀ lè fọ eérú náà kúrò nídìí rẹ̀ bí gbòǹgbò kan bá ṣì wà láàyè. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní èmi náà ò mọ̀. Ọjọ́ méjì ni a fi ń da omi síbẹ̀, èmi àti bàbá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ẹ̀yìn ń dùn wá. Kò bínú sí mi. Ó dùn mí ju kó bínú lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Ẹrẹ́nà

Ọdún Àjíǹde. Àmínà wá kó ọṣẹ, kò bá ọṣẹ. Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò tíì dáná. Ó ní ṣé mo fẹ́ ba ọjà òun jẹ́ ni? Mo ní kó wá ẹlòmíràn. Nígbà tó lọ, mo lọ wo ìkòkò mi. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn, mi ò sì lè fi ọwọ́ kan eérú.

Ọjọ́bọ̀, 31 Ẹrẹ́nà

Nii Okai wa gbòǹgbò kan síta. Ó dúdú, èèpo rẹ̀ bó sí i lọ́wọ́. Ó ha ara igi láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ibi tó tutù mọ́. Ó ní, "Àńtí, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Wọ́n ti sọ gbólóhùn yẹn fún mi rí, ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, 4 Igbe

Ó ti kú. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Igbe

Ẹ̀gbọ́n Wòsílátù wá láti Nima. Táyọ̀ ló pè é, ó ní èmi ò jẹun. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àmọ́ ó ti kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì figbe ta.

"Ta ló gé dóńgóyárò?"

Mo ní, "Èmi ni mà. Wọ́n ní ó ń gba omi mu lẹ́nu páyà."

Ó fọwọ́ lérí. "Fáòsíà! Kí ló kan páyà? Abẹ́ dóńgóyárò ni mo rì ìwọ́ ọmọ yẹn sí!"

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ẹ ní abẹ́ igi."

"Igi wo ló tún wà níbẹ̀ nígbà náà? Ohun tí o gbìn, ewé mẹ́rin péré ló ní, ewúrẹ́ àwọn ará ẹ̀yìn ń bọ́ sí i lójoojúmọ́. Ṣé inú ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ ni kí n kó ìwọ́ ọmọ àbúrò mi sí? Igi tí kì í kú ni mo wò."

Mo ní ta ló ń rì ìwọ́ sábẹ́ dóńgóyárò, kò so èso tí ẹnu lè jẹ. Ó ní bó bá jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun ì bá wá ọ̀pẹ lọ, ohun tí òun bá nílẹ̀ ní Dansoman ni òun lò.

Mo kàn jókòó. Ọ̀kan, mo fi eérú pa á. Èkejì, mo sanwó kí wọ́n gé e, inú mi dùn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, ó dì mí mú lábẹ́ apá, àgbàlagbà ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. "Dìde," ó ní. "Ìyá Àánú, dìde nílẹ̀."

Mo dìde. Kì í ṣe pé mo ní agbára. Orúkọ yẹn ló gbé mi dìde.

Ṣùgbọ́n mo mọ Ẹ̀gbọ́n. Òun náà ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí Àánú kú pé ọmọ náà sùn ni, kí n má jí i. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló sọ lónìí. Ó sì lè jẹ́ pé ó rí mi, àánú mi ṣe é, ó sì wá igi mìíràn fún mi. Mo bi í ní ẹ̀ẹ̀mejì kó tó lọ, ó ní òun kì í tún ọ̀rọ̀ sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Igbe

Bàbá Táyọ̀ jókòó sórí àpótí ìdáná láàárọ̀ yìí, ó ń rán aṣọ. Kùkùté wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sá ṣòkòtò mẹ́ta lé e lórí.

Mo ní, "Ẹ ní ẹ ó máa jókòó lé e."

Ó ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kúrò lórí rẹ̀." Ó wò mí, ó rọra ká àwọn ṣòkòtò náà kúrò.

Ó ti rú. Ẹ̀ka tuntun méje tàbí mẹ́jọ, ó ti fẹ́ẹ̀ kàn mí lórúnkún, ewé ṣónṣó rẹ̀ pupa. Ó ní òun ò fẹ́ kí n rí i, òun mọ̀ pé n ó gé e.

Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè jẹ́ òótọ́: mi ò mọ̀. Mo wọlé, mo fọ ike kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo pọn omi sí i, mo gbé e dé ìdí kùkùté. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí Bàbá Táyọ̀ fi gbójú sókè.

Mo bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo tọ́ ọ wò. Omi lásán ni. Mo tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó dà á.